Ìka Tó Wọ́ Lára Ògiri Ahoro

Ẹni tó bá sọ pé ahoro kì í sọ̀rọ̀, kò tíì bá ọkọ Ìyá Mọlé débẹ̀ ni. Gbohùngbohùn ni àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń pè é, nítorí pé bó bá ti lanu ní ẹnubodè ìlú tó ṣófo yẹn, àwọn yàrá tí kò lórùlé mọ́ á gba ohùn náà, wọ́n á sì dá a padà fún un, bíi pé àwọn onílé ṣì wà nínú ilé tí wọ́n ń jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ afinimọ̀nà ni iṣẹ́ rẹ̀. Òun ló ń mú àlejò yí ahoro náà ká láti àárọ̀ títí oòrùn á fi rọlẹ̀. Bí wọ́n bá lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lónìí, ó dá mi lójú pé á gba ẹ̀yìn yọ́ wọlé lọ́la kó lè wá ṣe é.

Ìlú náà sì tó ohun tí ènìyàn ń torí rẹ̀ pariwo. Orí òkè ló wà. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ gbogbo rẹ̀, ògiri tó nípọn débi pé bí oòrùn bá ń jó gbogbo ayé níta, inú ilé á tutù bí inú ìkòkò omi. Kò sí ojú ọ̀nà kan níbẹ̀ tí kò dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀. Òjò tó bá rọ̀ sórí ilé tó ga jù lọ á gba ẹ̀gbẹ́ gbogbo ilé kọjá láìfọwọ́ kan ìpìlẹ̀ ẹnikẹ́ni, á sì lọ balẹ̀ sínú adágún tí wọ́n gbẹ́ sí ìsàlẹ̀ òkè. Àwa tí a ń gbé ìlú tuntun ńkọ́? Kí òjò kan ta sílẹ̀ báyìí, a ti ń gbọ́n omi ní pálọ̀.

Ogun kọ́ ló lé wọn. Odò tí wọ́n ń mu ló gbẹ, wọ́n sì kó ẹrù wọn wọ́ọ́rọ́wọ́. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n gbálẹ̀. Wọ́n dojú ọlọ délẹ̀ ní ibi ìdáná kọ̀ọ̀kan, bí ìyàwó ilé ṣe ń ṣe nígbà tó bá ń lọ sí ìrìn àjò tó mọ̀ pé òun ń padà bọ̀. Àwọn ọlọ náà ṣì wà bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ẹni tó bá rí wọn tí ọkàn rẹ̀ kò ṣe bákan, kó lọ yẹ ọkàn náà wò.

Ṣùgbọ́n ohun tó máa ń dá àlejò dúró jù ni ojú ọwọ́. Àwọn ará àtijọ́ kò fi irin rẹ́ ògiri wọn, ọwọ́ lásán ni. Ìka mẹ́rin ni wọ́n fà gba ojú amọ̀ tútù, ó tẹ̀ bí ọrun, ìlà lábẹ́ ìlà, láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí omi lè máa ṣàn bọ̀ pẹ̀lẹ́ láìgbẹ́ ara ògiri. Ènìyàn tó bá gbé ìka tirẹ̀ lé e á máa rò pé ẹni tó fà á ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ fọwọ́ ni.

Ìyá Mọlé ló ń tún àwọn ògiri náà ṣe bí òjò bá jẹ wọ́n. Iṣẹ́ mímọ ilé ni bàbá rẹ̀ ṣe, ẹ̀yìn bàbá náà ló ti kọ́ ọ. Obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ ni, Ọlọ́run nìkan ló mọ bó ṣe so òun àti Gbohùngbohùn pọ̀. Ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ òsì rẹ̀ wọ́. Òkúta ìpìlẹ̀ kan ló já lé e nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́. Ó jinná, àmọ́ kò tọ́ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ọwọ́ òsì yẹn náà ló sì ń lò, òun ni bàbá rẹ̀ fi máa ń pè é ní ọlọ́wọ́ òsì.

Òfin kan wà nínú iṣẹ́ àtúnṣe ahoro. Ọ̀gá tó ń ṣe alákòóso ibẹ̀ máa ń tún un sọ fún wọn bí àdúrà òwúrọ̀: ẹni tó bá tún ògiri àtijọ́ ṣe kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí tuntun di ara ògbólógbòó. Ó gbọ́dọ̀ fa ààlà sáàárín wọn, ààlà tí ìka lè wọ̀, kí ẹni tó bá ń wò ó lè mọ̀ pé àwọn àtijọ́ ló mọ eléyìí, àwa la mọ tọ̀hún. "Ahoro ò lẹ́nu tó máa fi já wa nírọ́," Ọ̀gá á wí, "àwa la máa bá a sọ òótọ́." Ìyá Mọlé ti pa òfin yìí mọ́ látìgbà tó ti wọṣẹ́. Ààlà rẹ̀ máa ń gún régé débi pé òun ni Ọ̀gá fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn tó kù.

Ìgbà tí ògiri ilé tó kọjú sí adágún wó ni ọ̀rọ̀ yí padà. Òjò ló gbé apá òsì rẹ̀ lọ, ọ̀nà ibẹ̀ sì dí mọ́ Gbohùngbohùn àti àwọn àlejò rẹ̀. Ọ̀gá ti rìnrìn àjò, ojú ọ̀run sì tún ń ṣú, nítorí náà Ìyá Mọlé kò dúró de ẹnikẹ́ni. Inú kòtò tí àwọn ará àtijọ́ ti gbẹ́ amọ̀ lòun náà ti gbẹ́ tirẹ̀. Ó gé koríko gbígbẹ sí i, ó fẹsẹ̀ gún un, ó fi í sílẹ̀ títí ó fi ń rùn díẹ̀, ó tún fẹsẹ̀ gún un. Nígbà tó gun àkàbà tó fọwọ́ lé ògiri, nǹkan kan mú un. Ó ń ṣe é bíi pé ẹnìkan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń wí fún un pé, "Rárá, fà á wá sísàlẹ̀ díẹ̀ sí i. Ẹ̀n-ẹ́n, bẹ́ẹ̀." Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti fi ń wo iṣẹ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn tí orí rẹ̀ ń wú. Lọ́jọ́ náà, ó fẹ́ mọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré, bóyá ọwọ́ òun lè tó tiwọn.

Nígbà tó parí, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fẹ̀yìn rìn díẹ̀, ó sì wo ògiri náà. Kò rí ibi tí òun ti bẹ̀rẹ̀. Ó tún wò ó, kò rí i. Ẹ̀rù bà á, inú rẹ̀ sì dùn gan-an, kí n má purọ́. "Kó le díẹ̀," ó wí fún ara rẹ̀, "màá fa ààlà ẹ̀ lọ́la."

Lọ́la yẹn, tí ojú amọ̀ náà ti gbẹ tó dà bí ti ògbólógbòó, ni Gbohùngbohùn mú àlejò dé.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ dúró! Ẹ má sáré kọjá!" Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí ògiri náà, ó fi ọwọ́ kejì di àkẹtẹ̀ rẹ̀ mú. Kì í ṣí àkẹtẹ̀ náà níwájú àlejò láéláé, nítorí pé orí tó wà lábẹ́ rẹ̀ pá bí ẹ̀yìn ìkòkò. "Mo ti rí ògiri láyé mi o, ilé ni wọ́n bí mi sí, kì í ṣe orí igi. Ṣùgbọ́n irú eléyìí, kò séèyàn tó lè mọ ọ́n láyé òde òní. Kò sí! Ẹ wo bí ọwọ́ náà ṣe lọ tí ò mì. Obìnrin ni, màá sọ bí mo ṣe mọ̀: ojú ọwọ́ ẹ̀ kéré. Ìka ẹ̀ kan sì wọ́. Ẹ wo bí ìlà kan ṣe ń sá fún èkejì. Ó ní láti jẹ́ pé nǹkan já lé e nígbà èwe ẹ̀. Ṣé ó wá torí ìyẹn fiṣẹ́ sílẹ̀? Ká má ri! Bírú obìnrin bẹ́ẹ̀ bá wà láàyè lónìí, màá ṣí àkẹtẹ̀ yìí fún un ní gbangba, kí oòrùn pa mí."

Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín, wọ́n sì sún mọ́ ògiri. Ìyá Mọlé wà lẹ́yìn wọn, ó gbé garawa amọ̀ dání. Ara rẹ̀ gbóná láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó yẹ kó sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ wúwo, inú rẹ̀ sì ń dùn bí inú ọmọ tí wọ́n gbé sẹ́yìn.

Ẹ má tíì dá a lẹ́jọ́. Ẹ kọ́kọ́ bá mi dé ilé wọn ná. Yàrá méjì ni, pẹ̀lú ilé ìdáná lẹ́yìn, Ìyá Mọlé fúnra rẹ̀ ló sì rẹ́ ògiri ilé ìdáná náà. Bí Gbohùngbohùn bá tibi iṣẹ́ dé, á gbé àga rẹ̀ síbẹ̀, á dá a nà sẹ́yìn títí á fi dúró lórí ẹsẹ̀ méjì, á fẹ̀yìn ti ògiri, á sì máa mi ara rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Gbogbo ibi tí àga náà ń kàn ti ń ṣí.

"Bàbá wọn, ẹ gbé àga yìí kúrò lára ògiri mi."

"Ògiri ò sunkún, Ìyá wọn."

Bó bá gbé oúnjẹ fún un, á jẹ ẹ́ tán, á ní, "Ó dáa." Lọ́jọ́ tó parí ògiri ilé ìdáná yẹn, ó pè é wá wò ó. Ó wò ó, ó ní, "Ó dáa," ó sì gbé àga rẹ̀ tì í. Kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Kì í lu ènìyàn, kì í lọ ibi tí kò yẹ. Ẹnu tó ń fi gbogbo ọjọ́ yin òkú ló ti máa ń rẹ̀ kó tó délé. Yinni yinni, kẹ́ni ó ṣèmíì, àwọn àgbà kò fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré. Ẹni tí wọn kò yìn rí kì í tètè mọ ohun tó yẹ kó ṣe bí ìyìn bá ṣèèṣì bà á.

Nítorí náà, kò fa ààlà náà lọ́jọ́ kejì, kò sì fà á lọ́jọ́ kẹta. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ sí ìtòsí ilé yẹn ní àsìkò tí ọkọ rẹ̀ ń mú àlejò kọjá. Nígbà mìíràn, garawa tó gbé dání ṣófo. Ìyìn náà sì ń dàgbà lójoojúmọ́. Obìnrin oníka wíwọ́ di ọlọ́gbọ́n, ó di ẹni tí gbogbo ìlú ń wá kàn, Gbohùngbohùn tilẹ̀ sọ pé ọkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó lóríire gan-an. Ìyá Mọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí Ọ̀gá dé láti ìrìn àjò, ó bi Ìyá Mọlé pé ṣé wọ́n ti tún ògiri tó wó lókè ṣe, obìnrin náà ní wọ́n ti tún un ṣe. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn Ọ̀gá, kò gun òkè lọ wò ó.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ọ̀gá pe gbogbo wọn jọ sínú ọ́fíìsì, yàrá tóóró kan tí àfọ́kù ìkòkò kún orí tábìlì rẹ̀, tí fáànù òkè rẹ̀ ń yí pẹ̀lú ìráhùn. Ó ní obìnrin olùyẹ̀wò kan ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹgbẹ́ tó rán an níṣẹ́ ló ń yan àwọn ibi tí gbogbo ayé á pawọ́ pọ̀ tọ́jú. Bí wọ́n bá gba ìlú àwọn wọlé, wọ́n á ṣe ìbòrí sórí àwọn ògiri, òjò kò ní jẹ wọ́n mọ́.

"Bí wọn ò bá sì gbà á," Ọ̀gá wí, "ẹ̀yin náà ń wo bó ṣe ń lọ. Ọdọọdún là ń tún un ṣe, ọdọọdún lòjò ń borí wa. Òkìtì erùpẹ̀ làwọn ọmọ ọmọ wa máa bá níbí." Ó nu ojú. "Ohun tí obìnrin yìí ń wá ò le. Ohun tá a bá pè ní àtijọ́, kó jẹ́ àtijọ́. Wọ́n ti fẹ́ gba ìlú kan báyìí tán, wọ́n wá rí ògiri kan ṣoṣo tó ń purọ́. Wọ́n ní àwọn ò mọ èyí táwọn máa gbà gbọ́ mọ́ nínú èyí tó kù. Bó ṣe parí nìyẹn."

Gbohùngbohùn fò dìde. "Sà, ẹ fọkàn balẹ̀! Ògiri oníka wíwọ́ ni màá fi kádìí ẹ̀ fún un. Bó bá rí ìyẹn, ọ̀rọ̀ bùṣe."

"Ògiri wo nìyẹn?" Ọ̀gá bi í, ṣùgbọ́n fóònù rẹ̀ dún, ó sì jáde lọ gbọ́ ọ. Ìyá Mọlé jókòó síbẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lábẹ́ itan rẹ̀. Ìlú tó nífẹ̀ẹ́ jù láyé ló fẹ́ bà jẹ́ yìí, nítorí ọ̀rọ̀ dídùn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ń fọ abọ́, ọkọ rẹ̀ fẹ̀yìn ti ògiri lórí àga ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ dá ọ̀rọ̀ tó máa sọ fún olùyẹ̀wò wò.

"Bàbá wọn."

"Hùn."

"Ògiri yẹn, èmi ni mo mọ ọ́n."

"Èwo?"

"Oníka wíwọ́."

Ẹ̀rín pa Gbohùngbohùn débi pé àga fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ̀ lábẹ́ rẹ̀. "Ìyá wọn! Mo mọ̀ pé o mọṣẹ́. Iṣẹ́ ẹ dáa. Ṣùgbọ́n má bínú o, àwọn yẹn kì í ṣẹgbẹ́ ẹ."

Ó dùn ún. Ó dùn ún dé egungun, ìbínú tó sì tìdí ìrora náà yọ ló fún un lágbára. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ. "Ẹ dìde, Bàbá wọn. Ilẹ̀ ò tíì ṣú. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Wọ́n gun òkè dé iwájú ilé náà. Ìyá Mọlé na ọwọ́ òsì rẹ̀, ó sì gbé àwọn ìka rẹ̀ sínú ìlà ògiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wọ̀ ọ́ bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ bàtà tó ti ń wọ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí tó wọ́ bọ́ sínú èyí tó wọ́. Gbohùngbohùn wo ọwọ́, ó wo ògiri, ó tún wo ọwọ́. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín: ìka tó ti fi pa ìtàn fún àwọn àlejò tó ti ìlú òkèèrè wá, ìka yẹn ló ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti gbéyàwó.

Ó jókòó sórí àtẹ̀wọlé àwọn onílé àtijọ́.

"O ń gbọ́ mi? Ní gbogbo ìgbà yẹn?"

"Mò ń gbọ́."

"O gbé garawa dúró, ò ń wò mí bí mo ṣe ń purọ́ fọ́mọ ọlọ́mọ?"

"Ó dùn létí mi ni."

"Kí ló dùn?"

"Ohun tí ẹ̀ ń sọ. Ẹ ò sọ ọ́ fún mi rí."

Gbohùngbohùn dìde, ó gbọn erùpẹ̀ aṣọ rẹ̀ dànù. Wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé.

Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ lọ bá Ọ̀gá láàárọ̀. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ ń bá a; Ìyá Mọlé kò fẹ́ kó jẹ́ ojú àlejò ni yóò ti bá tirẹ̀. Ọ̀gá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀.

"Ìyá Mọlé! Ẹ̀yin tí mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ!" Ó gun òkè lọ, ó wo ògiri títí, ó gbé ojú sún mọ́ ọn, kò rí ààlà kankan. Ìbínú àti ìyanu ń jà lójú rẹ̀. "Ó tún wá dáa tó báyìí! Kí ló dé tẹ́ ẹ ò jẹ́ kó burú díẹ̀?" Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ fa ààlà ẹ̀ kí obìnrin yẹn tó dé. Èmi fúnra mi máa sọ fún un. Ṣùgbọ́n bó bá torí èyí kọ̀ wá, mi ò ní lè fi yín sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ má bínú sí mi."

"Ẹ jàre, sà," Ìyá Mọlé wí.

Fífa ààlà kò le, mímọ ibi tó yẹ kó gbà ló le. Bí ọ̀bẹ bá ṣìnà wọ apá ọ̀tún, iṣẹ́ àwọn àtijọ́ ló gé yẹn, ìyẹn sì burú ju irọ́ lọ. Ó wo ògiri náà láàárọ̀, ó wò ó lọ́sàn-án, ọgbọ́n tó fi pa ojú ìpàdé wọn rẹ́ ti pa á rẹ́ mọ́ òun náà lójú. Nígbà tó yá, ó rántí omi. Amọ̀ tó ti gbẹ láti ayé àwọn babańlá á tètè gbẹ bí omi bá kàn án, ju èyí tí kò tíì gbẹ dénú lọ.

"Bàbá wọn, mo fẹ́ omi."

Gbohùngbohùn, tí kò gbé ohun tó wúwo ju ọ̀pá rẹ̀ lọ rí nínú ahoro yẹn, gbé garawa, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí adágún. Ó gbé e gòkè wá, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó tún padà. Ìyá Mọlé fi ọwọ́ wọ́n omi sára ògiri láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwọn méjèèjì sì jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, gbogbo rẹ̀ dúdú. Oòrùn wá ń ta sí i. Apá ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, apá òsì ṣì dúdú, etí rẹ̀ sì yọ díẹ̀díẹ̀, ó rìn wọ́gọwọ̀gọ láti ẹ̀bá fèrèsé dé ilẹ̀.

"Ó yọ!" Gbohùngbohùn pariwo, àwọn yàrá tó ṣófo sì dá a lóhùn.

Ìyá Mọlé gun àkàbà kó tó gbẹ. Ó ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, ó sì ń gé e. Iṣẹ́ tó dára jù tó ṣe láyé rẹ̀ ló ń gé yẹn, kò sí gígé kan tí kò kan òun náà lára.

"Ṣó ń dùn ọ́?" ọkọ rẹ̀ bi í láti ìsàlẹ̀, ó di àkàbà mú.

"Ó ń dùn mí."

"Pẹ̀lẹ́."

Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Nígbà tó fi máa dé ìsàlẹ̀, ààlà ti hàn, ìka lè wọ̀ ọ́, ojú ọwọ́ àwọn àtijọ́ sì wà lápá ọ̀tún, tirẹ̀ lápá òsì, wọ́n kọjú síra bí ará ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọra.

Olùyẹ̀wò dé. Ìyá àgbà kan ni, bàtà pẹlẹbẹ, àpò aṣọ léjìká, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kúnlẹ̀ wo ojú àgbàrá ní ojú ọ̀nà, ó da omi ìgò rẹ̀ sí i, ó ń wo bó ṣe ń lọ, ó sì pàtẹ́wọ́. Níbi àwọn ọlọ tó dojú délẹ̀, ó dúró pẹ́. Gbohùngbohùn fi í sílẹ̀, kò dí i lọ́wọ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n rò pé ara rẹ̀ kò yá ni. Ìyá Mọlé ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn pẹ̀lú garawa rẹ̀.

Wọ́n dé iwájú ògiri náà. Ọ̀gá hú ikọ́, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, Gbohùngbohùn gbọ́wọ́ sókè.

"Sà, ẹ dákun. Ẹnu mi ló purọ́ ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹnu mi tún un ṣe." Ó kọjú sí ìyá àgbà náà. "Mà, mo ti mú èèyàn rẹpẹtẹ wá síbí, mo sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tó lè mọ irú ògiri yìí láyé òde òní. Irọ́ ni. Àwọn àtijọ́ ló mọ apá ọ̀tún. Ààlà rèé. Apá òsì, ìyàwó mi ló mọ ọ́n. Kò fa ààlà sí i nígbà tó yẹ, ẹ̀bi ẹ̀ nìyẹn, òun náà ló sì fọwọ́ ara ẹ̀ gé e. Tèmi burú ju tiẹ̀ lọ. Ọjọ́ gbogbo ni mò ń dúró síbí tí mò ń yin ọwọ́ ẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́n. Mo ní obìnrin ni. Mo ní ìka ẹ̀ wọ́. Mo ní nǹkan já lé e nígbà èwe, kò sì torí ẹ̀ fiṣẹ́ sílẹ̀. Mo mọ gbogbo ẹ̀, mà, àfi pé inú ilé mi ló wà." Ó gbọ́wọ́ lé àkẹtẹ̀ rẹ̀. "Mo sì ṣèlérí kan."

Ó yíjú sí Ìyá Mọlé, ó sì ṣí àkẹtẹ̀ rẹ̀. Orí pípá náà dán nínú oòrùn níwájú Ọ̀gá, níwájú àlejò, níwájú gbogbo ilé tí kò lórùlé. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ìyá Mọlé gbé garawa kalẹ̀, omijé sì dà lójú rẹ̀, kò nù ún.

Olùyẹ̀wò ní kó mú ọwọ́ wá. Ó wò ó, ó yí i padà, ó gbé e lé apá òsì ògiri, ó tún gbé e lé apá ọ̀tún. "Ẹ mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ lẹ ṣẹ̀, Ìyá?"

"Mo mọ̀, mà."

"Bẹ́ ẹ bá tún ṣe é, ìlú yìí ló máa jìyà ẹ̀."

"Mi ò jẹ́ ṣe é mọ́, mà."

Ìyá àgbà náà di ọwọ́ náà mú díẹ̀ sí i. "Bí mo ṣe ń bọ̀, ohun tí mò ń bẹ̀rù ni ibi tí wọ́n á ti sọ fún mi pé gbogbo ẹ̀ ló jẹ́ àtijọ́. Ibi tó bá lè nàka sí àtúnṣe ẹ̀ fún mi, mo lè gba ìyókù ẹ̀ gbọ́." Ó yíjú sí Ọ̀gá. "Ẹ má lé e o. Irú ọwọ́ yìí ò pọ̀."

Ó lọ. Wọ́n dúró títí, ojú ń ro wọ́n. Lọ́jọ́ tí èsì dé, Ọ̀gá jáde láti ọ́fíìsì, gbogbo wọn yí i ká, Gbohùngbohùn bi í pé ṣé ẹja ni àbí àkàn. Ọ̀gá kàn ń mi orí sókè sódò, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, wọ́n sì mọ̀ pé ẹja ni. Òjò kò ní jẹ ìlú àwọn amọ̀lé wọ̀nyẹn mọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Gbohùngbohùn wọ ilé ìdáná, ó gbé àga rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, ó fẹ́ dá a nà sẹ́yìn. Ó dúró. Ó bojú wẹ̀yìn wo ògiri. Lókè ibi tí àga ti ṣí, àwọn ìlà ìka wà níbẹ̀, mẹ́rin mẹ́rin, ọ̀kan ń sá fún èkejì rẹ̀. Nísàlẹ̀ wọn, níbi tí ẹ̀yìn àga ti ń fi ọjọ́ gbogbo họ ọ́, kò sí nǹkan kan mọ́ bí kò ṣe amọ̀ ṣákálá. Ó gbé àga náà sí àárín ilé, ó sì fi ìka tọ ọ̀kan nínú àwọn ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi tó ti parẹ́.

"Ẹ má da ara yín láàmú," Ìyá Mọlé wí láti ìdí ààrò. "Màá tún un ṣe lọ́la."

"Ìyá wọn."

"Hùn."

"Bó o bá tún un ṣe, fa ààlà sí i. Jẹ́ kí n máa rí ibi tí mo bà jẹ́."